Epo tí àwọn baba wa jẹ kọ́ là ń jẹ báyìí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Nínú ìwé ìròyìn yín tó jáde kẹ́yìn, mo ka lẹ́tà òǹkàwé kan láti Ìbàdàn tó ní kí àwọn dókítà yé fi ọ̀rọ̀ ọ̀rá dẹ́rù bà wá. Ó ní epo pupa ni àwọn baba wa fi jẹ iṣu, epo pupa ni wọ́n fi se ọbẹ̀, epo pupa ni wọ́n bù sí ẹ̀wà, wọ́n sì gbó, wọ́n tọ́. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn èèyàn nínú, nítorí oríṣiríṣi ọ̀rẹ́ àti ẹbí ló ya àwòrán lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, gbogbo wọn ló sì fi ẹ̀rín sí i.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Àbúrò mi obìnrin, alásè ni. Òun ló ń se oúnjẹ òkú, ìgbéyàwó, ìwúyè àti ìsọmọlórúkọ kiri láti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó, nígbà mìíràn wọ́n á wá mú un lọ sí Ìkọ̀lé tàbí Ìjerò. Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, èmi ni mò ń bá a gba owó, tí mò ń bá a ka kúlà, tí mò ń jókòó ti agbada kí àwọn ọmọ iṣẹ́ má bàa jẹ ẹran tán kí àlejò tó dé. Ibi tí epo ń gbà wọ ara ni mo wà báyìí. Ibi tó ń já sí ni mo wà tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Òótọ́ pọ̀ nínú ohun tí ẹni náà kọ. Bàbá tèmi jẹ epo. Ẹsẹ̀ ló fi ń lọ sí oko kòkó lójoojúmọ́ àfi ọjọ́ Ìsinmi, bó bá sì ń bọ̀, ẹrù ń bẹ lórí rẹ̀. Ìyán ni oúnjẹ alẹ́ rẹ̀, ẹ̀fọ́ ló sì pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ rẹ̀: tẹ̀tẹ̀, ẹ̀bùrẹ́, ìṣápá nígbà tó bá wà. Ẹran inú rẹ̀ kì í ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, ẹran ìgbẹ́ ló sì sábà máa ń jẹ́. Epo inú ọbẹ̀ yẹn, ìyá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún ẹyìn, tó fún un, tó sè é. Ẹni tó bá ti ṣe irú làálàá bẹ́ẹ̀ kì í da epo bí ẹni da omi. Òróró kò sí nílé wa. Ọdún Kérésì àti Àjíǹde ni a ń dín nǹkan, òórùn dídín gan-an ló ń jẹ́ kí àwa ọmọdé mọ̀ pé ọdún ti dé.

Ní ti pé wọ́n gbó, wọ́n tọ́: àwọn tó gbó ni a rántí. Ẹni tó ṣubú lulẹ̀ lójijì lẹ́ni àádọ́ta ọdún, ta ló yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láyé ìgbà náà? A ní ayé ló ṣe é, a sin ín.

Síbẹ̀ mo gbà pé oúnjẹ àwọn baba wa sàn ju tiwa lọ, àwọn onímọ̀ sì ti dán irú rẹ̀ wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Stephen O'Keefe ti Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mú aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà 20, wọ́n tún mú ará abúlé 20 ní South Africa, wọ́n sì pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ abúlé, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ àti ọkà tí fáíbà pọ̀ nínú rẹ̀, tí ọ̀rá kò pọ̀. Àwọn ará abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ọlọ́ràá àti ohun díndín bíi ti Amẹ́ríkà. Èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, ìwúlé inú ìfun àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, ìyẹn ìjà tí ara ń jà nígbà tí nǹkan bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, ti rọlẹ̀, ti àwọn ará abúlé sì ti gbéra sókè, pẹ̀lú àwọn àmì mìíràn tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí jẹjẹrẹ ìfun lè tètè mú. Bí òǹkàwé yín bá fẹ́ gbèjà oúnjẹ baba rẹ̀, ẹ̀rí nìyí fún un. Ṣùgbọ́n kí ó wò ó dáadáa bóyá òun ló wà nínú àwo tirẹ̀.

Ẹ wá wo ìdí agbada wa ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ìsìnkú bá ku ọ̀la. A ó bọ ẹran màálù, ẹran tó ti ní ọ̀rá tirẹ̀ lára. Lẹ́yìn náà a ó sọ ọ́ sínú òróró tó ń hó. Ọ̀rá ara ẹran á yọ́ sínú òróró, òróró náà á wọ inú ẹran. Tọ́kí á tẹ̀ lé e, pẹ̀lú awọ rẹ̀, ẹja á tẹ̀ lé tọ́kí. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, òróró yẹn á ti ṣú, á máa rú èéfín kí ó tó gbóná tán, foomu á máa bo ojú rẹ̀. Ṣé ẹ rò pé a ó dà á nù? Òun gan-an ni a ó fi dín ata ọbẹ̀! Ibẹ̀ ni gbogbo alásè mọ̀ pé adùn wà, n kò sì lè purọ́, adùn wà níbẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á wọ kẹ́ẹ̀gì, á dúró de òde ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tàbí kí wọ́n tà á ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó ń dín nǹkan lẹ́bàá títì.

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù gba òróró, ó tún gba bọ́tà lójú. Mọ́ínmọ́ín gba òróró. Ẹ̀gúsí tí a fẹ́ fi jẹ ìyán, òróró fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ara rẹ̀ kí a tó da epo pupa lé e. Bí ọbẹ̀ bá sì délẹ̀ tí epo kò léfòó sójú rẹ̀, àwọn ọmọ olóòkú á fa ojú ro. Wọ́n á pe àbúrò mi sẹ́yìn ilé: "Ìyá Alásè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi epo dójú tì wá o." Ojú epo ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá àwọn ọmọ òkú náà rówó sin ín. Tálákà kan kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé tálákà lòun lọ́jọ́ òkú bàbá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gíráàmù ọ̀rá kan ń fún ara ní kálórì 9. Ti sítáàṣì jẹ́ 4, ti èròjà tó ń mú ara dàgbà jẹ́ 4. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan tó kún fún epo, ìbáà ṣe pupa ìbáà ṣe funfun, jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 14, kálórì 120. Ṣíbí mẹ́rin tó léfòó sójú àwo ọbẹ̀ kan ti sún mọ́ 500 kí ẹnikẹ́ni tó kan òkèlè. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ara á fara dà á. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa yìí, láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ títí di ẹ̀yìn Àjíǹde, òde wo ló ń sinmi? Ọjọ́ Ẹtì òkú, ọjọ́ Àbámẹ́ta ìgbéyàwó, ọjọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́, ọjọ́ Ajé a ó sì máa jẹ èyí tí wọ́n dì fún wa nínú ọ̀rá.

Nígbà tí oúnjẹ yìí bá dé inú, òróòro á tú omi rẹ̀ sí i láti fọ́ ọ̀rá náà sí wẹ́wẹ́, ìfun á gbà á, á gbé e sínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, tí a gbé e kalẹ̀ kí ó tòrò, omi òkè rẹ̀ kì í mọ́ gaara, funfun ló ń ṣe. Mo ti rí i lójú ara mi ní wọ́ọ̀dù, kò sì ṣòro fún mi láti mọ ẹni tó ti òde dé. Ara ní ibi tó ń tọ́jú ọ̀rá sí: abẹ́ awọ, ìdí, itan. Ṣùgbọ́n bí àká bá kún tí iṣu ṣì ń ti oko bọ̀, inú yàrá là ń kó o sí, lẹ́yìn náà pálọ̀. Ọ̀rá tí kò ríbi gbà á lábẹ́ awọ á bọ́ sí àyíká ìfun, á wọ inú ẹ̀dọ̀, á wọ inú iṣan tí a fi ń gbé apá àti ẹsẹ̀. Àká ẹlòmíràn sì kéré láti ọ̀run wá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò sanra, tí gbogbo èèyàn ń pè ní pẹlẹbẹ, fi lè ní ẹ̀dọ̀ tó kún fún ọ̀rá.

A gba dákónì kan sí wọ́ọ̀dù rí, ọkùnrin pẹlẹbẹ ni. Ìpá ló gbé e wá fún iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí wọ́n yàwòrán inú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń tàn funfun lójú ẹ̀rọ. Ẹni tó yà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rá ti wọ ẹ̀dọ̀ náà. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́ "ẹ̀dọ̀", ó yíjú sí i, ó ní: "Bàbá, ṣé ẹ ń mutí ni?" Ọkùnrin náà búra, ó fi ọwọ́ kan Bíbélì. Mo rò pé ìyàwó gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yòókù kò gbà á gbọ́, wọ́n ń fi ojú ṣe ẹ̀sín rẹ̀ títí ó fi lọ sílé. Òtítọ́ ló sọ. Irú ọ̀rọ̀ yìí ni Dókítà Jürgen Ludwig kọ̀wé lé lórí ní 1980 ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà: aláìsàn 20 tí kì í mutí dé ibi tó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, síbẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ wọn jọ ti ọ̀mùtí nígbà tí wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ wò. Lóde òní, bí ọ̀rá bá ti ju ìdá 5 nínú 100 ẹ̀dọ̀ lọ, wọ́n ti ń kà á sí àìsàn. Kì í dun èèyàn. Nínú àwọn kan, á dúró síbẹ̀ láì ṣe nǹkan. Nínú àwọn mìíràn, ẹ̀dọ̀ á wú, àpá á máa bo àpá nínú rẹ̀, á sì le gbagidi. Lórí èyí tó ti le, jẹjẹrẹ lè jókòó.

Nígbà tí mo sọ pé ẹ̀dọ̀ wú, kí ẹ má rò pé mo ń sọ nípa ohun tí èèyàn lè fọwọ́ bà. Bí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á gbóná, á wú, á máa ro yín. Ara ló ń bá ohun àjèjì jà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti parí. Irú ìjà kan náà ni ọ̀rá tó pọ̀ jù ń dá sílẹ̀ nínú ara, àmọ́ kì í ro èèyàn, kò sì lọ́jọ́ tó ń parí. Láyé ìgbà tí èmi kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ọ̀rá ikùn kàn jókòó ni, ó ń dúró de ọjọ́ ìyàn. Ní 1993, Gökhan Hotamisligil àti Bruce Spiegelman ní Boston fi hàn pé ọ̀rá ara àwọn eku tó sanra jù ń tú èròjà kan jáde tó ń fa ìwúlé, èròjà náà ni kò sì jẹ́ kí ínsúlìn, tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dáadáa. Ní 2003, ikọ̀ onímọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé kòkòrò àti òkú sẹ́ẹ̀lì mì ń rọ́ lọ sínú ọ̀rá ẹni tó sanra jù, wọ́n ń pé jọ síbẹ̀. Ní 2007, Patrice Cani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún eku ní oúnjẹ ọlọ́ràá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì rí i pé májèlé tó ń ti ara kòkòrò inú ìfun jáde ti di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó jọ pé odi ìfun ti ń jò.

Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé eku ni. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n sábà ń fún irú eku àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ìdá 60 nínú 100 agbára rẹ̀ lè jẹ́ láti inú ọ̀rá. Kò sẹ́ni tó ń jẹun báyẹn ní Ìkẹ́rẹ́, àfi bóyá òkété tó gba oko ẹyìn kan, òun náà sì ń sáré kí ọlọ́dẹ má bàa bá a.

Nítorí náà, ti èèyàn ni kí ẹ gbọ́. Ní Uppsala, ní orílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n kó ọ̀dọ́ 39 tí kò sanra jọ, wọ́n ní kí wọ́n máa jẹ kéèkì kékeré kún oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méje. Epo ọ̀pẹ ni wọ́n fi yan ti apá kan, òróró irúgbìn òdòdó sunflower ni wọ́n fi yan ti apá kejì. Èsì rẹ̀ jáde ní 2014. Ìwọ̀n tí apá méjèèjì fi sanra sí i kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo inú wọn, ọ̀rá tó bọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti àyíká ìfun àwọn tó jẹ epo ọ̀pẹ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ dáadáa, iṣan ara ló sì pọ̀ sí i jù lára àwọn tó jẹ òróró. Àwọn onímọ̀ ní Finland tún ṣe irú rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018: èèyàn 38, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àfikún kálórì 1,000 lójúmọ́. Ọ̀rá ẹ̀dọ̀ àwọn tó jẹ ọ̀rá tó máa ń dì fi ìdá 55 nínú 100 lé sí i. Ti àwọn tó jẹ ọ̀rá tí kì í dì fi 15 lé. Ti àwọn tó jẹ ohun aládùn ńkọ́? 33. Ẹ̀yin tí ẹ ń yẹra fún epo tí ẹ sì ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sin oúnjẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ gbọ́ o.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀rá tó ń dì, kí ó gbé ìgò epo pupa àti ìgò òróró ẹ̀pà síta ní òwúrọ̀ ọyẹ́, kí ó wo èyí tó máa dì. Nǹkan bí ìdajì epo pupa ni ọ̀rá tó ń dì. Ti òróró ẹ̀pà kò ju bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Àdí tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, òróró àgbọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó ti wù kí àwọn tó ń polówó rẹ̀ fún ìlera pariwo tó. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọ̀rá tó ń dì má ju ìdá 10 nínú 100 agbára oúnjẹ òòjọ́ àgbàlagbà, kí gbogbo ọ̀rá lápapọ̀ má sì ju ìdá 30. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000 lójúmọ́, ṣíbí ńlá mẹ́ta epo pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àyè ọ̀rá tó ń dì tán, a kò tíì fọwọ́ kan ẹran.

Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni da epo pupa nù o. Ẹni tó bá fi omi lásán se ẹ̀fọ́ fún mi, n kò ní í jẹ ẹ́. Fítámì A, D, E àti K kò lè wọ ara dáadáa bí ọ̀rá kò bá sí nínú oúnjẹ, ohun tó sì jẹ́ kí epo pupa pọ́n náà ni ara fi ń ṣe fítámì A. Ẹni tó bá gbé epo kaná títí ó fi funfun ti lé ìyẹn lọ, ọ̀rá nìkan ló ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Ṣíbí kan fún èèyàn kan nínú ìkòkò ẹ̀fọ́ kò ní kí ẹnikẹ́ni máa sá. Inú agbada ni ẹjọ́ mi wà.

Àwọn ẹ̀yà ara yòókù kò ní pẹ́ mi lẹ́nu, nítorí ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà bà jẹ́. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ àti iṣan bá kún fún ọ̀rá, wọn kì í gbọ́ràn sí ínsúlìn lẹ́nu mọ́. Pánkíríásì, tó ń ṣe ínsúlìn, á máa ṣe púpọ̀ sí i láti fi bá wọn jà, títí á fi rẹ̀ ẹ́. Àtọ̀gbẹ ti dé nìyẹn. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru á mú kíndìnrín, ojú àti ẹsẹ̀. Ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ ara òpó ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú ìwúlé tí mo sọ, á mú ọkàn tàbí ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ á sì dé. Bí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ bá wá pọ̀ kọjá àlà, pánkíríásì fúnra rẹ̀ lè wú lójijì. Ìrora yẹn kì í jẹ́ kí èèyàn lè dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó nàró, mo ti rí ọkùnrin gìrìpá tó ń sunkún nítorí rẹ̀.

Kí ni àwa wá ń ṣe nídìí iṣẹ́ tiwa? Ìjà díẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì tiyín, ẹ wá fẹ́ lé àwọn oníbàárà mi lọ." Mo ní kí a kọ́kọ́ mú ẹyọ kan nínú àwọn àṣà wa nídìí agbada, kí á má fi òróró tí a fi dín ẹran dín ata mọ́. Ó gbà. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í bu epo kúrò lójú ọbẹ̀ kí ó tó wọ kúlà, lẹ́yìn ìyẹn ni a bó awọ tọ́kí, tí a ń sun ún lórí ẹ̀yinná dípò kí a dín in. Tọ́kí sísun ni àwọn àlejò ń bèèrè báyìí. Ìjà bọ́tà inú ìrẹsì ni a kò tíì parí. Ohun tí kò ṣeé ṣe fún wa ni kí a bu epo kúrò bí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wa bá dúró lórí wa tó ń ṣọ́ ọ.

Òfin kò dé ìdí agbada. NAFDAC ti ṣe òfin ní 2022 pé ọ̀rá burúkú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú dì, èyí tó wà nínú àwọn bọ́tà àti bisikíìtì kan, kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 ọ̀rá inú oúnjẹ lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá yẹ kẹ́ẹ̀gì òróró àlòkù wò lẹ́yìn ilé olóòkú? Àwọn tó ń sanwó nìkan ló lè ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ olóòkú, ẹ̀yin òbí ìyàwó, bí ẹ bá ń bá alásè dúnàádúrà, ẹ sọ ọ́ ní gbangba pé òróró tuntun lẹ fẹ́, pé kí ó má fi èyí tó ti ṣú se ọbẹ̀ yín, àti pé ẹ kò ní í bínú bí epo kò bá léfòó. Ẹ ní kí ó ta àṣẹ́kù fún àwọn tó ń se ọṣẹ. Ẹ fi owó tí ẹ bá dá sí nídìí òróró ra ẹ̀fọ́ kún un. Alásè á ṣe ohun tí ẹ bá sanwó fún.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òun dúró sí, kí ó mú okùn, kí ó fi wọn gíga ara rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, kí ó ká okùn náà sí méjì, kí ó sì fi yí ìdodo rẹ̀ ká. Bí ẹnu okùn kò bá kan ara wọn, ọ̀rá ti ń pọ̀ nínú ikùn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ yẹ ṣúgà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ wò, kí ó sì ní kí wọ́n yẹ òun wò fún hẹpatáítì B pẹ̀lú, nítorí òun náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ní ilẹ̀ wa yìí láìjẹ́ pé èèyàn fi epo kan ẹnu. Bó bá jẹ́ ọ̀rá ni, àtúnṣe wà. Ẹni tó wọn kílò 80, tó sì dín in kù sí bíi 74, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á dín kù dáadáa, ìwúlé inú rẹ̀ náà sì lè lọ sílẹ̀. Oògùn kankan kò sí tó lè rọ́pò ìyẹn fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa.

Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ bẹ ẹ̀yin Olóòtú fún nǹkan kan. Àwọn kan ń polówó àgbo tó ń "fọ ẹ̀dọ̀" lórí rédíò, nínú mọ́tò àti nínú ìwé ìròyìn. Ọ̀rá ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí tí wọ́n ń fọ̀. Mo sì ti tọ́jú àwọn tí àgbo tí wọn kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ló sọ ojú wọn di pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹyìn. Bí ẹ bá gba irú ìpolówó bẹ́ẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè nọ́ńbà NAFDAC wọn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ sì ti ń mu ún, ẹ gbé ìgò rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ó rí i kí ó tó kọ oògùn mìíràn fún yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.